Ẹ Ka Ẹyọ Yín Kí Ẹ Tó Wọkọ̀: Bí Tọkọtìyàwó Tuntun Ṣe Lè Yan Erékùṣù Ìsinmi

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó, tí ẹ sì ń rò ó pé bí ariwo aṣọ ẹbí bá ti rọlẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì á lọ ṣe hánímúùnù yín ní erékùṣù kan tí omi òkun ibẹ̀ mọ́ gaara. Ọ̀rọ̀ yín ni mo gbé wá lálẹ́ òní.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi owó ẹyọ bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, owó ẹyọ la fi ń náwó nílẹ̀ Yorùbá, òun náà la sì fi ń ka owó orí ìyàwó. Ogójì ẹyọ ló ń wà lórí okùn kan, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kò ṣa ẹyọ wọ̀nyí létí ọ̀sà Èkó tàbí ti Àgbádárìgì. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn wá láti erékùṣù Maldives, láàárín Òkun Índíà. Àwọn ará ibẹ̀ á ju imọ̀ àgbọn sínú omi, ìgbín òkun kékeré náà á rọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á fà á jáde, wọ́n á sì sin ín sínú yanrìn títí ẹran inú rẹ̀ á fi rà, tí karawun rẹ̀ nìkan á kù. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò tó ṣe adájọ́ níbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1343 sí 1344, kọ̀wé nípa ẹyọ wọn. Àwọn oníṣòwò á kó o lọ sí Bengal, ọkọ̀ àwọn Òyìnbó á gbé e lọ sí Yúróòpù, wọ́n á sì tún gbé e wá sí Ouidah àti etíkun tiwa. Nígbà tó di àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò ará Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ẹyọ mìíràn láti Zanzibar wá sí Èkó, ó sì pọ̀ débi pé agbára ẹyọ já wálẹ̀ lọ́jà.

Maldives àti Zanzibar. Ẹ ò rí i pé orúkọ méjèèjì yìí náà ló wà lẹ́nu àwọn ọmọ wa lónìí, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ hánímúùnù? Nígbà kan, ẹyọ ló ń ti ibẹ̀ wá kí á lè fi fẹ́ ìyàwó. Lónìí, ìyàwó fúnra rẹ̀ ló ń kọrí síbẹ̀, tòun ti ọkọ rẹ̀. Àwọn àgbà kì í gba ẹyọ láì kà á. Márùn-ún márùn-ún ni wọ́n máa ń fà á, wọ́n á jókòó tì í títí yóò fi pé. Nítorí náà, ohun márùn-ún ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin náà fà síwájú, kí ẹ kà dáadáa, kí ẹ tó sanwó erékùṣù kankan.

Ẹyọ kìíní ni ẹ̀yin fúnra yín. Kí ẹ tó béèrè pé erékùṣù wo ló dára jù, ẹ béèrè pé kí ni ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan àti ìyàwó rẹ̀ wá kí mi nígbà tí wọ́n dé láti Maldives. Mo béèrè bí ibẹ̀ ti rí. Ìyàwó ní, “Dádì, ó dà bí àlá. Oorun ni mo sùn.” Ọkọ ní, “Bàbá, ibẹ̀ dára o, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, mo ti ka gbogbo igi àgbọn tó wà níbẹ̀ tán.” Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìyàwó fi sáré lórí ètò ìgbéyàwó, ìsinmi ló ń pa á. Ọkọ ní tirẹ̀ fẹ́ràn kó máa rìn, kó yà sọ́jà, kó bá èèyàn sọ̀rọ̀. Àwòrán ni wọ́n jọ wò, wọn kò jọ sọ ohun tó wà nínú oníkálùkù.

Maldives ní erékùṣù bí i 1,200, àwọn tí èèyàn ń gbé kò ju bí i 200 lọ. Láti ọdún 1972, tí wọ́n ṣí ibi ìgbafẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n ń pè ní Kurumba, ètò wọn ni pé òtẹ́ẹ̀lì kan ló ń ni erékùṣù kan. Lọ́pọ̀ ibi, ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn ín yípo láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kò sí ọjà, kò sí àdúgbò, kò sí ariwo. Omi ni, yanrìn ni, ẹja aláràbarà ni, àti ẹ̀yin méjèèjì. Fún ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kò sí ibi tó tún dà bí i rẹ̀. Fún ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gbé ojú kan, ọjọ́ mẹ́rin ti tó.

Zanzibar yàtọ̀. Ìlú gidi wà níbẹ̀: Stone Town, ìlú olókùúta tí àjọ UNESCO kà mọ́ àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2000. Ọ̀nà inú rẹ̀ há, ilẹ̀kùn ibẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọnà, òórùn kànáfùrù sì ń ta sánsán lọ́jà. Ẹ lè fi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta rìn nínú ìlú, kí ẹ tó gba etíkun lọ. Seychelles wà láàárín méjèèjì. Erékùṣù púpọ̀ ni orílẹ̀-èdè náà ní, ṣùgbọ́n mẹ́ta ni àwọn àlejò mọ̀ jù: Mahé tó ní òkè gíga àti olú-ìlú Victoria, Praslin, níbi tí igbó Vallée de Mai wà, pẹ̀lú ọ̀pẹ coco de mer tí kóró rẹ̀ tóbi ju kóró igi èyíkéyìí lọ láyé, àti La Digue, níbi tí ẹ ti lè gun kẹ̀kẹ́ ológeere láàárín àwọn òkúta ràgàjì tó wà létí òkun. Mauritius tóbi ju àwọn erékùṣù Seychelles wọ̀nyí lọ: òkè wà, omi tó ń dà ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti orí àpáta wà, ọjà Port Louis wà. Oúnjẹ àwọn ará Índíà, Ṣáínà, Faransé àti Áfíríkà sì ń pàdé nínú abọ́ kan.

Nítorí náà, ẹ mú ìwé méjì. Kí ọkọ kọ tirẹ̀, kí ìyàwó kọ tirẹ̀, kí ẹ má wo ti ara yín: báwo lo ṣe fẹ́ kí ọjọ́ kan lọ níbẹ̀? Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ ìwé. Ibi tí ìwé méjèèjì bá ti pàdé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá erékùṣù.

Ẹyọ kejì ni ìgbà. Òjò kì í sí nínú àwòrán, ṣùgbọ́n ó wà lójú ọ̀run. Bí ọyẹ́ ṣe ní àsìkò tirẹ̀ nílẹ̀ wa, afẹ́fẹ́ ló ń darí ojú ọjọ́ lórí Òkun Índíà. Ní Maldives, láti Oṣù Kejìlá títí di Oṣù Kẹrin, òjò a máa dín, òkun a máa parọ́rọ́, owó a sì máa gun òkè. Láti Oṣù Karùn-ún títí di Oṣù Kẹwàá, afẹ́fẹ́ á yí padà, òjò àti ìgbì á pọ̀ sí i, òtẹ́ẹ̀lì á sì dín owó kù. Ní Zanzibar, òjò ńlá tí wọ́n ń pè ní masika ń rọ̀ láti Oṣù Kẹta dé Oṣù Karùn-ún; òjò kékeré, vuli, ń dé ní nǹkan bí Oṣù Kọkànlá; láti Oṣù Kẹfà sí Oṣù Kẹwàá ni ibẹ̀ ń gbẹ, tí afẹ́fẹ́ ń tutù. Mauritius ló wà níhà gúúsù jù lọ nínú wọn, nítorí náà ìjì líle tó ń yí po lè jà níbẹ̀, pàápàá láti Oṣù Kìíní sí Oṣù Kẹta. Ọ̀nà ìjì bẹ́ẹ̀ kì í sábà gba Mahé, Praslin àti La Digue ní Seychelles, ṣùgbọ́n òjò pọ̀ níbẹ̀ ní Oṣù Kejìlá àti Oṣù Kìíní. Oṣù Kẹrin àti Oṣù Kẹwàá, nígbà tí afẹ́fẹ́ kan ń lọ tí èkejì kò tíì dé, ni òkun ibẹ̀ ń dákẹ́ jù.

Kí ni èyí já sí fún wa? Oṣù Kejìlá jẹ́ oṣù ìgbéyàwó nílẹ̀ Yorùbá. Ẹni tó bá gbéyàwó lóṣù náà, tó sì fẹ́ fò lọ lọ́jọ́ kejì, Maldives ni ojú ọjọ́ rẹ̀ yóò dára jù, ṣùgbọ́n owó ọdún Kérésì ni yóò san. Bí ó bá lè ní sùúrù títí di ìparí Oṣù Kìíní, owó náà sábà máa ń rọ̀. Ẹni tó gbéyàwó lásìkò Àjíǹde, kó má ṣe kọrí sí Zanzibar. Ẹni tó gbéyàwó ní Oṣù Kẹjọ, Zanzibar àti Mauritius á gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kò sí òfin tó sọ pé hánímúùnù gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó.

Ẹ tún wo bí òkun ṣe ń kún, tó sì ń fà. Ní etíkun ìlà-oòrùn Zanzibar, bí i Paje àti Jambiani, omi lè fà sẹ́yìn débi pé yanrìn nìkan lẹ ó máa wò lọ rẹrẹ, tí àwọn obìnrin ibẹ̀ á sì jáde lọ tọ́jú koríko òkun tí wọ́n gbìn. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n kò ṣeé lúwẹ̀ẹ́. Ẹni tó fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ nígbàkígbà, kó gba ìhà àríwá lọ, sí Nungwi tàbí Kendwa.

Ẹyọ kẹta ni ọ̀nà. Láti Èkó, ẹ ó sábà wọ bàálù méjì, kí ẹ yà ní Addis Ababa, Nairobi, Doha tàbí Dubai. Tí ẹ bá ń lọ sí Maldives, ìrìn àjò kò tíì parí nígbà tí ẹ bá dé Malé, olú-ìlú ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi tàbí bàálù kékeré tó ń bà sórí omi ló máa gbé yín dé erékùṣù yín. Bàálù orí omi yìí kì í fò lálẹ́. Bí bàálù ńlá yín bá balẹ̀ nírọ̀lẹ́, Malé lẹ máa sùn, owó òtẹ́ẹ̀lì mìíràn sì dé nìyẹn. Ẹrù tí wọ́n sì ń gbà nínú rẹ̀ kò ju bí i kílò 20 lọ, pẹ̀lú báàgì ọwọ́ kékeré. Ẹ fi àpótí ńlá aṣọ ìgbéyàwó sílé.

Ọ̀rọ̀ ìwé náà ń bẹ. Wọ́n máa ń béèrè yẹ́lò káàdì, ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wá, ìwé náà kì í sì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Nítorí náà, ẹ má fi í di ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó. Maldives ń fún àwọn àlejò ní físà ọjọ́ 30 nígbà tí wọ́n bá dé, tí wọ́n bá ti ní tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ àti ibi tí wọ́n máa dé sí. Ní ti Seychelles, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó gbéra. Zanzibar, láti Oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ní kí àlejò ra inṣọ́ránsì tiwọn ní dọ́là 44. Òfin ìwọ̀lú a máa yí padà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè náà kí ẹ tó sanwó. Ẹ̀yin ìyàwó, ẹ fetí sí èyí: orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù yín ni kí ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe orúkọ ọkọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà. Bí orúkọ méjì kò bá bára mu, wọ́n lè dá yín dúró ní pápákọ̀ òfuurufú.

Ẹyọ kẹrin ni owó, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ lórí rẹ̀. Iye tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán yàrá kì í ṣe iye tí ẹ máa san. Ní Maldives, wọ́n á fi owó iṣẹ́ ìdá mẹ́wàá lé e, wọ́n á fi owó orí ìjọba lé e, àti owó ààbò àyíká tó ti di dọ́là 12 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lálẹ́ kọ̀ọ̀kan láwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá láti Oṣù Kìíní ọdún 2025. Lẹ́yìn náà ni owó bàálù orí omi. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ. Ẹ rántí pé bí òtẹ́ẹ̀lì kan bá ni erékùṣù, kò sí bùkátéríà lẹ́yìnkùlé. Ohun tí wọ́n bá pè é lẹ ó san. Nítorí náà, ẹ béèrè ketekete: ṣé oúnjẹ àárọ̀ nìkan ló wà nínú owó yìí, ṣé ti àárọ̀ àti ti alẹ́ ni, àbí gbogbo rẹ̀ pátá, tòun ti nǹkan mímu? Yàrá tó dà bí ẹni pé ó wọ́n lójú, tí oúnjẹ ti wà nínú rẹ̀, lè wá rọrùn ju èyí tí wọ́n pè ní pọ́ọ́kú lọ.

Ilé orí omi wá ń kọ́? Òun ni gbogbo èèyàn ń fẹ́, òun ló sì máa ń wọ́n jù. Àwa tí a mọ Makoko àti Ganvié mọ̀ pé ilé orí òpó lè tura, kí afẹ́fẹ́ máa gba abẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lè sun alẹ́ méjì níbẹ̀, kí ẹ sun ìyókù nínú ilé etí yanrìn, ẹ̀dínwó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Láti nǹkan bí ọdún 2009, àwọn ará Maldives fúnra wọn ti ń gba àlejò sí ilé kéékèèké ní erékùṣù tí aráàlú ń gbé, bí i Maafushi. Òkun kan náà ni, owó rẹ̀ kò sì jọra rárá. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ìgbéyàwó yín dání, torí ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ní ẹ̀bùn fún tọkọtìyàwó tuntun, wọ́n sì máa ń béèrè ẹ̀rí.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má yá owó lọ ṣe hánímúùnù. Owó ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, náírà lẹ sì fi ń ṣiṣẹ́. Gbèsè tí ẹ bá gbé délé á bá yín jẹun, á bá yín sùn. Àkọ́kọ́ ìjà ọ̀pọ̀ ilé tuntun, orí owó ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin tí ẹ fi owó yín san á dùn ju ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ fi owó olówó san lọ.

Ẹyọ karùn-ún ni ìwà àti ìtàn ibẹ̀. Erékùṣù tí ẹ ń lọ, ilé àwọn kan ni. Mùsùlùmí ni àwọn ará Maldives, òfin wọn kò sì gba kí àlejò kó ọtí tàbí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wọ̀lú. Inú òtẹ́ẹ̀lì ni ọtí mọ. Ní erékùṣù aráàlú, aṣọ tó bo ara ni kí ẹ wọ̀, àyàfi ní etíkun tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àlejò. Fún tọkọtìyàwó tó jẹ́ Mùsùlùmí nílẹ̀ wa, ìtura ńlá ni èyí: oúnjẹ hàlálì wà, mọ́sálásí wà nítòsí. Ní Stone Town pẹ̀lú, ẹ bo èjìká àti orúnkún. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́ nílé, ìyẹn kò lè ṣòro fún un.

Ẹyọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi kò ra aṣọ àti iṣu nìkan. Ó ra èèyàn pẹ̀lú. Ẹ̀ṣẹ̀ yẹn kò mọ sí etíkun tiwa. Ní Zanzibar, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá sórí ilẹ̀ ọjà ẹrú tí wọ́n tì pa lọ́dún 1873. Ní Mauritius, àwọn ẹrú tó sá lọ fi òkè Le Morne ṣe ibi ìsádi, UNESCO sì kà á mọ́ àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2008. Seychelles tí a ń wò bí ọgbà ìgbádùn lónìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó Prempeh, ọba Ashanti, lọ nígbèkùn lọ́dún 1900. Kò padà sílé títí di ọdún 1924. Yaa Asantewaa, akọni obìnrin Ashanti, kú sí ìgbèkùn níbẹ̀ lọ́dún 1921. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ fi wákàtí díẹ̀ lára ọjọ́ yín bọ̀wọ̀ fún wọn. Kò ní dín adùn ìsinmi yín kù. Ẹ̀yin méjèèjì á rí ohun tí ẹ ó sọ fún àwọn ọmọ yín lọ́jọ́ iwájú.

Bákan náà, ẹ má ṣe dúró lórí iyùn abẹ́ omi, ẹ má sì ṣe já a. Iyùn tí ìyàwó wa ń fi sọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó ní ẹbí tó ṣì ń mí lábẹ́ òkun yẹn, òun ló sì ń fọ́ agbára ìgbì kó tó dé ilẹ̀. Ní Maldives, ọ̀pọ̀ ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju mítà kan àtààbọ̀ lọ sí ojú òkun. Lọ́dún 2009, ààrẹ wọn nígbà náà, Mohamed Nasheed, kó àwọn mínísítà rẹ̀ lọ ṣèpàdé lábẹ́ omi, kí ayé lè rí ewu tó ń bọ̀ lórí wọn bí òkun ṣe ń ga sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ òun náà rí ibẹ̀, kó tọ́jú rẹ̀.

Ẹyọ márùn-ún pé: ẹ̀yin fúnra yín, ìgbà, ọ̀nà, owó, àti ìwà pẹ̀lú ìtàn ibẹ̀. Ó lè jẹ́ pé bí ẹ bá kà á tán, Maldives ló máa bá yín mu, tàbí Zanzibar. Ó sì lè jẹ́ pé etíkun Grand-Popo ní orílẹ̀-èdè Benin, nítòsí ibí, ni àpò yín máa mú lọ́dún yìí, kí ẹ fi erékùṣù sílẹ̀ de àyájọ́ ìgbéyàwó ọdún kẹta. Òkun Índíà kò lọ síbì kankan. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ òní, kí ẹ tó tan fóònù láti wo àwòrán, ẹ jókòó ti ara yín. Kí ọ̀kan máa ka ẹyọ síta, kí èkejì máa gbọ́, kí ẹ sì pààrọ̀ ipò. Owó oúnjẹ, owó ilé, owó ilé ìwé ọmọ, bí ẹ ó ṣe máa ka gbogbo wọn pọ̀ nìyẹn títí ọjọ́ alẹ́.